Sìkánà tí Ẹ̀gbọ́n Mi Rà Kó Tó Ra Mọ́tò

Kéèkì ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ṣe. Yàrá ìdáná rẹ̀ náà ni ibi iṣẹ́ rẹ̀: ààrò ńlá méjì tó kọjú síra wọn, tábìlì irin gígùn kan tó máa ń nù títí á fi máa dán, àti fèrèsé kan tó kọjú sí títì. Ibi fèrèsé yẹn ló ti máa ń wo àwọn mọ́tò tó ń kọjá, á máa ṣà wọ́n bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. "Ìyẹn ò lè gba kéèkì alájà mẹ́ta, ẹ̀yìn rẹ̀ ti kúrú jù." Ọwọ́ rẹ̀ á ṣì wà nínú ìyẹ̀fun bó ṣe ń sọ ọ́.

Ìṣojú mi ni ohun tó mú un pinnu láti ra mọ́tò ti ṣẹlẹ̀. A háyà mọ́tò kan láti gbé kéèkì ìgbéyàwó lọ sí gbọ̀ngàn. Èmi ni mo jókòó sẹ́yìn, mo fi ọwọ́ méjèèjì di kéèkì náà mú bí ẹni gbé ọmọ ìkókó. Nígbà tí a dé ìkóríta, awakọ̀ tẹ bíréèkì lójijì, àjà òkè sì wá bá mi lórí itan. Nígbà tí mo máa fi sọ̀kalẹ̀, súgà funfun ti dé ìgúnpá mi. Ẹ̀gbọ́n mi tún kéèkì náà tò lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ìyàwó tuntun ò mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń padà lọ sílé, ó ní, "Àbúrò mi, mọ́tò tèmi ni màá ra báyìí."

Mọ́tò tuntun kò tilẹ̀ wọ inú ọ̀rọ̀, agbára rẹ̀ ò ká a. Àlòkù ni, àlòkù yìí ló sì ń já a láyà. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ onígbàjámọ̀, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilé wọn níbẹ̀, kò sì sí ìròyìn tí kì í gbọ́ lẹ́nu àwọn tó wá gẹrun. Ẹnìkan ra mọ́tò lónìí, lọ́la mọ́tò ò dìde. Ẹnìkan ra èyí tó ń mu epo bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé. "Mọ́tò ò dà bí irun," ni ọkọ rẹ̀ máa ń wí. "Orí tí mo bá gẹ̀ bà jẹ́, yóò tún hù." Ẹ̀gbọ́n mi á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Bàbá wa ní tirẹ̀ ò rí ohun tó yẹ kó ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Ọkọ̀ akẹ́rù ni Bàbá wà títí tó fi fẹ̀yìn tì, etí ló sì fi ń mọ àìsàn mọ́tò. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ló ń gbé. Á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á na ẹsẹ̀ sórí àpótí, á máa dá mọ́tò tó ń kọjá lẹ́jọ́ láìjẹ́ pé ẹnì kan bi í. "Bẹ́líìtì ìyẹn ti fẹ́ já." Mọ́tò á ti lọ, kò ní sí ẹni tó máa dá a lóhùn. Nígbà míì mo máa ń wò ó, àánú rẹ̀ á máa ṣe mí, nítorí ẹni tí gbogbo ọ̀nà mọ̀ nígbà kan ni.

Ní ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi gbé kéèkì ọjọ́ ìbí lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan. Bí wọ́n ṣe ń wá ìṣáná tí wọ́n máa fi tan àbẹ́là, mẹkáníìkì náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò kan, ó ki nǹkan kékeré kan bọ ihò tó wà lábẹ́ ìdarí ọkọ̀, ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú kinní náà. Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé kí nìyẹn.

"Sìkánà ni. Mọ́tò òde òní ní kọ̀ǹpútà nínú. Ohun tó bá ń ṣe é, á kọ ọ́ pamọ́ sínú ara rẹ̀. Èyí ló máa ń kà á jáde."

"Ṣé ẹni tí kì í ṣe mẹkáníìkì náà lè lò ó?"

"Tí ẹ bá mọ̀wé kà, kí ló kù?"

Kò dúró jẹ nínú kéèkì tó gbé lọ. Ìta ibẹ̀ ló ti pè mí lórí fóònù, èémí rẹ̀ ń sáré. "Àbúrò mi, mọ́tò ń sọ̀rọ̀. Wọ bàtà rẹ, à ń lọ sọ́jà."

Ṣọ́ọ̀bù tí a lọ ò fẹ̀ ju balùwẹ̀ lọ. Wáyà ń rọ̀ wálẹ̀ láti àjà, iná mọ́tò àti bátìrì kún ilẹ̀ débi pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni èèyàn lè gbé wọlé. Obìnrin kan tó gbé awò ojú rẹ̀ lé orí ló ń tajà níbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi sọ ohun tó ń wá, obìnrin náà kó oríṣi mẹ́ta lé orí káńtà.

Èkíní ò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Kò ní ojú tirẹ̀, fóònù ló máa ń fi iṣẹ́ rán sí, owó pọ́ọ́kú sì ni. Ìkejì gba inú àtẹ́lẹwọ́, ó ní ojú tó ń tàn, wáyà dúdú kan tó nípọn sì so mọ́ ọn. Ìkẹta fẹ̀ bí àwo tí a fi ń gbé oúnjẹ fún àlejò. Wọ́n ní ó lè mú kí mọ́tò dá kọ́kọ́rọ́ tuntun mọ̀, ó lè yí nǹkan padà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e, ó béèrè iye rẹ̀, ó sì rọra dá a padà sórí káńtà bí ẹni gbé ẹyin.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe gan-an?" ni oníṣọ́ọ̀bù bi í.

"Mo fẹ́ ra àlòkù. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ara rẹ̀ le."

"Ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa tún un ṣe?"

"Rárá o. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá àìsàn ń ṣe é ni, mi ò fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ti àwo ńlá yẹn sẹ́yìn. "Ẹ ti bá mi mú ọ̀kan kúrò."

Ó wá ku méjì. Mo mọ ẹ̀gbọ́n mi, ojú rẹ̀ ti ń lọ sí kékeré olówó pọ́ọ́kú yẹn. Ṣùgbọ́n kì í ra ìyẹ̀fun láìtú u wò, ó ní kí obìnrin náà jẹ́ ká dán méjèèjì wò. Obìnrin náà mú wa jáde síbi tí mọ́tò tirẹ̀ wà. Ó ki kékeré bọ ihò. Fóònù wá a, wá a, kò rí i. Ó yọ ọ́, ó tún kì í bọ̀ ọ́. Nígbà tó rí i tán, ohun tó gbé jáde ni ìlà lẹ́tà àti nọ́ḿbà kan ṣoṣo, láìsí àlàyé.

"Kí ni èyí túmọ̀ sí?" ni mo bi í.

"Ẹ ó lọ wá a fúnra yín. Ẹ́ńjìnnì nìkan ló sì ń kà."

"Bíréèkì ńkọ́?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi í.

"Kò dé ibẹ̀."

Ó yọ ọ́, ó ki ìkejì bọ̀ ọ́. Kò pẹ́ rárá tí ojú rẹ̀ fi mọ́lẹ̀. Nọ́ḿbà jáde, àlàyé wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ́rọ̀ tó yéni. Ẹ́ńjìnnì wà níbẹ̀, jíà wà níbẹ̀, bíréèkì wà níbẹ̀, títí kan àwọn àpò atẹ́gùn tó máa ń bẹ́ síta tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Obìnrin náà tẹ bọ́tìnnì kan, ojú ìwé míì ṣí, àmì aláwọ̀ ewé tò sórí rẹ̀ láti òkè délẹ̀.

"Ibi tí ẹ máa wò jù nìyí," ó ní. "Mọ́tò máa ń yẹ ara rẹ̀ wò bó ṣe ń rìn. Àyẹ̀wò tó bá parí máa ń ní àmì. Ẹ wo tèmi, gbogbo rẹ̀ ti parí. Tí ẹni tó ń ta mọ́tò bá pa àṣìṣe inú rẹ̀ rẹ́ kí ẹ tó dé, iná ìkìlọ̀ á kú lóòótọ́. Àmọ́ àwọn àmì yìí náà á pa rẹ́. Ẹ ó mọ̀ pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbálẹ̀ níbẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ kan apá rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

Obìnrin náà tún un sọ. Ó fi kún un pé tí wọ́n bá yọ bátìrì, àmì náà lè pa rẹ́, nítorí náà ká má kàn máa pe èèyàn lólè. Ká ní kí wọ́n jẹ́ ká wa mọ́tò náà dáadáa, ká tún wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi bi í bóyá owó kan wà tí èèyàn máa ń san lọ́dọọdún kó tó lè máa lò ó. Ó ní kò sí lórí èyí. Ẹ̀gbọ́n mi tún bi í bóyá ẹ̀rọ náà mọ irú àwọn mọ́tò tó wà lọ́kàn òun. Wọ́n jọ wò ó nínú rẹ̀, wọ́n bá wọn. Ìgbà náà ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ná an, obìnrin náà ò sì dín owó rẹ̀ kù títí ẹ̀gbọ́n mi fi rí àwòrán ọmọbìnrin kékeré kan lára ògiri. Ó bi í ìgbà tí ọjọ́ ìbí ọmọ náà máa bọ́ sí. Bí a ṣe rà á lówó tó rọ̀ nìyẹn, tí kéèkì ọlọ́mọlangidi kan sì wọ inú ọ̀rọ̀.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀ bí a ṣe ń lọ sílé. Ó gbé páálí náà sáyà, kò jẹ́ kí n bá a gbé e.

Bàbá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wo kinní náà, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Kí ló wà fún?"

"Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohun tí mọ́tò ń sọ ni, Bàbá."

"Mo ti ní etí méjì."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ kàn bá mi wò ó bóyá wọn ò rẹ́ mi jẹ."

Ọgbọ́n ló fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo sì gbé ojú sápá kan kí n má bàa rẹ́rìn-ín. Bàbá dìde. Tíṣà kan ń gẹrun lọ́wọ́ nísàlẹ̀, mọ́tò rẹ̀ wà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó fún wa ní kọ́kọ́rọ́ láti orí àga. Bàbá jókòó síwájú, ó ki wáyà bọ ihò, ó tan ẹ́ńjìnnì, ó fi awò sójú. Ìgbóná ẹ́ńjìnnì ń gòkè lójú ẹ̀rọ náà bó ṣe ń gbóná lóòótọ́. Bàbá tẹ iná díẹ̀, nọ́ḿbà kan fò sókè. Ó yọ ẹsẹ̀, nọ́ḿbà náà já wálẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ́ńjìnnì ké débi pé tíṣà jáde wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀, aṣọ ìgẹrun lọ́rùn, ìdajì orí rẹ̀ dán, ìdajì ṣú dùdù.

"Bàbá, ṣé kò sí ìṣòro o?"

"Mọ́tò rẹ dára," Bàbá dá a lóhùn láìgbójú sókè. "Lọ jókòó, kí ọkọ ọmọ mi lè parí orí rẹ."

Kí oòrùn tó wọ̀, kò sí mọ́tò kan ní àdúgbò wa tí Bàbá ò tíì yẹ̀ wò. Ó ń rìn láti ojúlé dé ojúlé, wáyà náà kọ́ ọ lọ́rùn bí ti dókítà. Mi ò rí i kó yára rìn bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lójú fèrèsé, ó fọwọ́ lẹ́rán, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Èmi ni mo ra sìkánà," ó ní, "èwo ni ti Bàbá tó gbà á lọ yìí?"

Mọ́tò tí a kọ́kọ́ lọ wò pupa, wọ́n nù ún débi pé èèyàn lè rí eyín ara rẹ̀ lára rẹ̀. Ọkùnrin tó ń tà á wọ bàtà funfun, ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀. Bàbá tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, ó ní ohùn rẹ̀ kò burú. Ẹ̀gbọ́n mi ki sìkánà bọ̀ ọ́. Kò sí àṣìṣe kankan. Ọkàn mi fò sókè; nínú ọkàn mi, mo ti jókòó sí mọ́tò pupa náà. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ bọ́tìnnì lọ sójú ìwé àmì. Òfo. Kò sí ẹyọ kan tó ní àwọ̀ ewé.

"Ọ̀gá mi," ó rọra bi í, "ṣé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún nǹkan ṣe lára rẹ̀ ni?"

"Bátìrì la pààrọ̀, mádàámù. Bátìrì nìkan."

"Ìyẹn lè rí bẹ́ẹ̀," ni Bàbá dá sí i. "Ẹ jẹ́ ká wà á káàkiri díẹ̀."

Ọkùnrin náà ò fẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣílẹ̀kùn mọ́tò fún wa. Bàbá wà á, ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú sìkánà lórí itan, èmi àti onímọ́tò wà lẹ́yìn. Ojú ọ̀nà títẹ́jú ò ní wàhálà. Ìgbà tí a kọjú sí òkè ni mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú, iná ìkìlọ̀ kan sì tàn níwájú Bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi bojú wo sìkánà. Ó kà á sókè.

"Ihò kẹta nínú ẹ́ńjìnnì, epo ibẹ̀ kì í jó dáadáa."

Onímọ́tò wo bàtà funfun rẹ̀. "Kò ṣe irú èyí rí," ó ní.

A ò bá a jà. A dá mọ́tò rẹ̀ padà fún un, a dúpẹ́, a sì fẹsẹ̀ rìn. Mo rò pé inú ẹ̀gbọ́n mi á bàjẹ́. Bí a ṣe ṣẹ́rí sí kọ̀rọ̀, ó dúró, ó fi sìkánà sábẹ́ apá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó lẹ́bàá títì. "O rí i? Ó sọ fún wa. Gbogbo owó mi ni ǹ bá ti kó fún un." Bàbá ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ wá, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ náà ń mì díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, wíwo mọ́tò di eré ìdárayá fún wa. A rí èyí tí jíà rẹ̀ ń ṣàìsàn. A rí èyí tí àpò atẹ́gùn rẹ̀ ti bẹ́ rí, tí wọ́n sì kàn fi ìdérí dé ojú ibẹ̀. Bí a bá ti rí ọ̀kan bẹ́ẹ̀, ojú ẹ̀gbọ́n mi á kàn máa dán sí i ni, nítorí ẹ̀rù tó ti ń bá a gbé tẹ́lẹ̀ ti kúrò lára rẹ̀. Ó ti mọ ìbéèrè tó yẹ kó bi mọ́tò.

Ọkọ rẹ̀ ló gbọ́ nípa ti ìyá àgbà kan lẹ́nu oníbàárà. Agbẹ̀bí ni ìyá náà nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì, ojú rẹ̀ kò sì gbé wíwa ọkọ̀ mọ́. Mọ́tò rẹ̀ wà lábẹ́ ìbòrí lẹ́yìn ilé. Àwọ̀ eérú ni, eruku bò ó, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan ti tẹ̀ wọnú. Ẹ̀yìn rẹ̀ gùn. Mo rí ẹ̀gbọ́n mi tó ń fojú wọ̀n ọ́n, ó fi apá méjèèjì na afẹ́fẹ́ bí ẹni gbé kéèkì.

Ó ki sìkánà bọ̀ ọ́. Àwọn àmì aláwọ̀ ewé tò láti òkè délẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ò ní nǹkan kan. Jíà ò ní nǹkan kan. Nígbà tó dé ojú ìwé bíréèkì, ọ̀rọ̀ kan jáde: ẹ̀rọ tó ń ka yíyí táyà ẹ̀yìn ọ̀tún kì í gbọ́ dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì sọ ọ́ jáde. Òun àti Bàbá ti jọ wà nínú mọ́tò náà, Bàbá ń wà á yí ilé ká, fèrèsé rẹ̀ ṣí, orí rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Nǹkan kan ń kùn," ó ní. "Ẹ̀yìn ni. Ọwọ́ ọ̀tún."

Ẹ̀gbọ́n mi na sìkánà sí i. Bàbá tẹ bíréèkì, ó fi awò sójú, ó kà á. Àwọn méjèèjì wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá ní bíárìn, irin tí ẹsẹ̀ táyà yẹn fi ń yí, ló ti jẹ, òun ló sì ń da ẹ̀rọ inú rẹ̀ láàmú, kò sì le láti pààrọ̀.

Ìyá àgbà ń wò wá láti orí àga rẹ̀. Nígbà tí a sọ fún un, ó mi orí. "Mo ti ń gbọ́ ariwo yẹn tipẹ́. Mo rò pé títì ni." Ó gbé owó bíárìn kúrò nínú ohun tó ń béèrè kí a tó bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló bi ẹ̀gbọ́n mi pé kí ló fẹ́ máa fi mọ́tò náà gbé.

"Kéèkì ni, Mà. Ti ìgbéyàwó, ti ọjọ́ ìbí."

"Ọjọ́ ìbí." Ó di kọ́kọ́rọ́ náà mú fún ìgbà díẹ̀ sí i. "Òun ni mo ń gbé lọ gbẹ̀bí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó o máa ṣe kéèkì fún yẹn, ọwọ́ mi ni wọ́n bọ́ sí." Ó fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, ó sì fi ọwọ́ tirẹ̀ pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dé.

Ẹ̀gbọ́n mi ló wà á délé. Ó rọra wà á débi pé kẹ̀kẹ́ ológeere kan kọjá wa, ẹni tó gùn ún sì juwọ́ sí wa. Kò bìkítà. Nígbà tó dé iwájú ilé, ọkọ rẹ̀ jáde pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́, àwọn oníbàárà tò lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìgẹrun lọ́rùn. Ó yí mọ́tò náà po, ó fọwọ́ kan ibi tó tẹ̀ wọnú, ó ní, "Èyí gan-an ni ìyàwó mi máa fi dá a mọ̀ láàárín ẹgbẹ̀rún." Ó ṣílẹ̀kùn, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Gbé mi dé ìkóríta." Ó fi ẹni tó ń gẹrun fún sílẹ̀, wọ́n lọ, àwa tó kù dúró sójú títì, a ń pàtẹ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ ra àlòkù. Mo lọ tọrọ sìkánà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń fi súgà kọ orúkọ ọmọ kan sórí kéèkì, kò gbé ojú sókè. "Lọ bi Bàbá. Èmi gan-an ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn ni."

Mo bá Bàbá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ọkùnrin méjì jókòó tì í, wọ́n ń dúró kó bá wọn lọ wo mọ́tò. Mo sọ ohun tí mo bá wá.

"Irú mọ́tò wo ni?" ó bi mí. Kí n tó dáhùn, ó ti ń fẹsẹ̀ wá bàtà lábẹ́ àga.